Fífi Linux Mint sórí SSD ìta láì fọwọ́ kan ESP Windows (apá disk tí fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ wà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, laptop yìí (Core i5 ìran kẹrin, RAM 8GB, UEFI) kò sì kájú ohun tí Windows 11 ń béèrè. Linux Mint, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni mo ń yẹ̀ wò.

Lórí live USB (flash tí Mint ti ń ṣiṣẹ́ láì tíì fi í sínú disk), Wi-Fi, ohùn àti kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò tó. Inú ISO (fáìlì Mint tí a kọ sórí flash) ni kernel (ọkàn ètò náà) live USB ti ń wá, update kò lè pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdí update gan-an ni nǹkan ti sábà máa ń dàrú. Ni mo bá fẹ́ fi í sórí SSD ìta.

Wàhálà ibẹ̀ ni Ubiquity, installer Mint: bí èèyàn tilẹ̀ yan sdb (SSD ìta) fún bootloader (ètò kékeré tó ń gbé Mint dìde), inú ESP disk àkọ́kọ́ (sda1, lórí disk inú) ló sábà máa ń kọ GRUB, bootloader Mint, sí. Yọ SSD náà, grub> lásán ni wàá rí. Mo wá ibi tí mo lè ti pa disk inú nínú BIOS, kò sí. Títú u jáde sì gba kí n kọ́kọ́ ṣí kíbọ́ọ̀dù.

Tí mo bá fi GParted (ètò tí a fi ń pín disk) yọ àmì boot àti esp kúrò lára sda1, tí mo sì ṣe ESP FAT32 512MB sórí sdb, ṣé installer yóò fi sda1 sílẹ̀ pátápátá, àbí àfi kí n tú disk?