Ẹ gbà mí o, gíláàsì àtijọ́ mi ti ṣú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá àgbà kan tó múlé gbè wá níbí ní Massachusetts ló fún mi ní ife gíláàsì gíga kan tó ní ẹsẹ̀, etí rẹ̀ gbágungbàgun bí etí ewé. Mo rò pé òdòdó ni wọ́n ń kó sí i. Àṣé sẹ́lẹ́rì ni! Láàárín ọdún 1800 sí 1900, sẹ́lẹ́rì wọ́n, òòró ni wọ́n ń tò ó sínú irú ife yìí láàárín tábìlì kí àlejò lè rí i. Ewébẹ̀ lásán-làsàn!

Mo rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí etí mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mọ gíláàsì, ti pàdé, a jẹ́ pé títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Tí mo bá fi ìka ta á, kì í dún gooro bí agogo, bí gíláàsì tó ní òjé ṣe máa ń dún; "kọ́" ló ń dún. Ìyẹn ni mo fi fura pé ẹ̀yìn 1864 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí William Leighton, aṣegíláàsì kan ní ìlú Wheeling ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà ṣe gíláàsì tó mọ́ láìlo òjé.

Wàhálà mi rèé: ọkọ mi gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, ó sì jáde pẹ̀lú funfun bí ìkùukùu. Mo fi fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú. Inú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn ò gbọ́. Ṣé ìdọ̀tí omi ni, àbí ara gíláàsì ló ti bó? Kí ni kí n ṣe? Ìyá náà ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú.