Kí ló dé tí aládùúgbò mi kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ Mùsùlùmí?

Ìyá Súlè, Edmonton
Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Obìnrin ará Tọ́kì kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìwà wa sì bára mu. Nígbà ààwẹ̀, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un pé kó fi ṣínu. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í gba Ràmàdáànì, Alevi ni àwọn, àwọn kì í sì í lọ sí mọ́sálásí. Bẹ́ẹ̀ àwòrán Àlí, àna Ànábì wa, ló gbé kọ́ sí pálọ̀ o! Ọmọ rẹ̀ tiẹ̀ ti sọ fún tíṣà pé kí wọ́n má kọ "Mùsùlùmí" fún òun mọ́, "Alevi" ni kí wọ́n kọ. Mùsùlùmí ni èmi, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Kí ni wọ́n ń wá?

Àkànní Köln
Ìyá Súlè, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Àlí ni Alevi, Tọ́kì ni wọ́n ti pọ̀, ọ̀nà tiwọn ni wọ́n sì ń gbà sìn. Ààwẹ̀ tiwọn wà, inú oṣù Muharram ni, ọjọ́ méjìlá. Nítorí òùngbẹ tó gbẹ Husayn ọmọ Àlí kí wọ́n tó pa á ní Karbala, kódà bí wọ́n bá ṣínu, ọ̀pọ̀ wọn kì í mu omi lásán.

Alevi láti ìhà Sivas ní Tọ́kì ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí Jámánì kó wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àdéhùn òun àti Tọ́kì lọ́dún 1961. Baba yìí kò jẹ́wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn ará Tọ́kì yòókù. Bí Ràmàdáànì bá dé, ilé ìgbẹ́ ló ti ń yọ́ búrẹ́dì rẹ̀ jẹ.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Wọ́n pa àwọn Alevi nípakúpa ní Maraş, ní Tọ́kì, lóṣù Kejìlá 1978. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1993, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èrò dáná sun òtẹ́ẹ̀lì Madımak ní Sivas, níbi tí àwọn akọrin àti akéwì tó wá síbi àjọ̀dún Alevi dé sí. 33 nínú wọn kú, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì 2. Ìyẹn ló mú kí baba náà lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn ní gbangba.

Àfáà Tottenham
Ẹ má bínú o, àmọ́ àṣejù ni lójú tèmi. Bi Alevi méjì léèrè, ọ̀kan á ní Mùsùlùmí lòun, èkejì á ní ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ ni. Ní Austria, àwọn tó pe ara wọn ní Alevi onísìláàmù ni ìjọba fọwọ́ sí bí ẹ̀sìn ní 2013, àwọn mìíràn sì fàáké kọ́rí. Kí wọ́n fẹnu kò ná.

Bùnmi N9
Àfáà, ó wúlò fún ọmọdé. Enfield níbí ni ilé ìwé Prince of Wales ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀sìn Alevi ní 2011. Ibi tí mo ti ń ran tíṣà lọ́wọ́, tí wọ́n bá bi ọmọ wọn pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe, ńṣe ló máa ń wò bọ̀ọ̀.

Àkànní Köln
Bùnmi, ẹ ṣé. Àfáà, ní Tọ́kì, ìjọba kò ka cemevi, ilé tí àwọn Alevi ti ń pàdé ṣàdúrà, sí ilé ìjọsìn. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá ìjọba Tọ́kì lẹ́bi lórí owó iná cemevi ní 2014, ó tún dá wọn lẹ́bi ní 2016. Ní 2022 ìjọba wá dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún wọn, lábẹ́ ilé iṣẹ́ àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́! Ọ̀gá mi ní ṣé ìran àpéwò làdúrà àwọn ni? Níbí, Berlin ti ní ẹ̀kọ́ wọn nílé ìwé láti 2002, ìpínlẹ̀ tiwa sì gbé wọn sí ipò tí òfin fún àwọn ìjọ ńlá ní 2020.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba ṣe ń fọwọ́ sí wọn náà ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Mo bá wọn jókòó síbi cem, àdúrà àjùmọ̀ṣe wọn, rí, tọkùnrin tobìnrin. Kí dede, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, tó bẹ̀rẹ̀, ó bi gbogbo ilé bóyá ẹnìkan ń bá ẹnìkan jà. Obìnrin méjì dìde, ọ̀rọ̀ owó ló wà láàárín wọn. Gbogbo wa dúró títí wọ́n fi dì mọ́ra, kí wọ́n tó tan iná, kí saz, ohun èlò orin olókùn wọn, tó dún. Kò sí ìwé lọ́wọ́ dede, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Jámánì wá ń fẹ́ sílábọ́ọ̀sì àti alága tí wọ́n dìbò yàn. Alága ló ń bọwọ́ lùwé, dede ń jókòó sẹ́yìn. Ọmọ ọ̀gá mi gba máàkì gidi nínú ẹ̀kọ́ Alevi, kò sì mọ orin wọn kan ṣoṣo kọ.

Àfáà Tottenham
Ti owó iná yẹn kò dáa. Ọ̀gá yín gan-an ńkọ́, Mùsùlùmí ni àbí kì í ṣe Mùsùlùmí?

Àkànní Köln
Ó ní Alevi lòun, ó tán. Ìyàwó rẹ̀ ní Mùsùlùmí Alevi ni àwọn. Wọ́n ti ń jà á bọ̀ kí n tó mọ̀ wọ́n.