Fòníkú-fọ̀ladìde lásìkò ọyẹ́: bí a ṣe ń di Ọlọ́run mú nínú ìrora

Nọ́ọ̀sì Gwagwaládà
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ ti wọlé, ìgbà tí fòníkú-fọ̀ladìde (àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, tí wọ́n ń pè ní sickle cell) máa ń yọni lẹ́nu jù nìyí. Òtútù a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, atẹ́gùn gbígbẹ a sì máa fa omi ara. Bí omi bá ti dín nínú ẹ̀jẹ̀ SS, á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú ọ̀nà, egungun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ó wá jẹ́ pé oṣù kìíní yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa l'Ábújá ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21, tí wọ́n tún ń ṣe àìsùn lábẹ́ kánópì.

Ẹni tó ní SS kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Àgbàlagbà nílò omi bíi lítà mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà nìyẹn, àyàfi tí dókítà bá ní kó dín in kù nítorí kíndìnrín. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ààwẹ̀, kó fi ẹran tàbí fóònù sílẹ̀, kó máa mu omi rẹ̀. Folic acid (oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀) kò gbọdọ̀ dúró. Paludrine ojoojúmọ́ (oògùn tó ń dènà ibà) náà kò gbọdọ̀ dúró, torí ibà wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle tó ń dé lójijì. Hydroxyurea, oògùn tó ń dín kíráísìsì kù, ló ń tan èèyàn jù. Bí wòlíì bá ní kó fi í sílẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni agbára oògùn náà ń tán lára. Wọ́n á ti jẹ́rìí tán nínú ìjọ kí ìrora tó padà dé.

Ìyá Ìjọ, Kúbwá
Ẹ ṣé é, Nọ́ọ̀sì wa. Níbi àdúrà ni èmi fẹ́ bá yín fi kún un, torí ibẹ̀ la ti ń ṣì í ṣe jù. Ẹni tí egungun ń ro ní aago méjì òru ò lè gba àdúrà wákàtí kan. Èémí rẹ̀ kúrú, ọkàn rẹ̀ ò sì gbé ọ̀rọ̀ gígùn. Sáàmù 13 ni kí ẹ fún un, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ọpẹ́ rárá, ẹjọ́ ni. Ìgbà mẹ́rin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó tọrọ nǹkan, ìparí ló tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Rẹ̀. Ẹ gé e kéékèèké fún un. Bó bá mí sínú, "Olúwa", bó bá mí síta, "yóò ti pẹ́ tó?" Kó wà lórí ìyẹn títí oògùn ìrora á fi ràn án. Kò pọn dandan kó dé ìparí sáàmù náà lóru ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí ọpẹ́ ò bá jáde rárá, Sáàmù 88 wà ńbẹ̀: inú òkùnkùn ló parí sí, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni "má jẹ́wọ́ àìsàn" tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ti gbà pé bí òun bá ní "ó ń dùn mí" òun ti sẹ́ ìgbàgbọ́, á pa á mọ́ra títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀gún ara òun kúrò, kò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ tó tó ni wọ́n fún un. Ẹni tó kọ 2 Kọ́ríńtì orí 12 kì í kúkú ṣe aláìnígbàgbọ́.

Alfa, Minna
Ìyá Ìjọ, ẹ kú iṣẹ́. Àyè wà lọ́dọ̀ tiwa náà, àwọn èèyàn ni kì í fẹ́ gbà á. Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, gba aláìsàn láyè láti fi ààwẹ̀ sílẹ̀ kó san án lẹ́yìn. Bí àìsàn náà ò bá ní lọ, kó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìrun náà, bí kò bá lè dúró, kó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ máa lọ́ omi àlùwàlá rẹ̀ ní ìdájí. Bí omi bá máa pa á lára, kó ṣe tayámọ́mù (fífi erùpẹ̀ mímọ́ dípò omi).

Ẹkún ńkọ́? Ànábì Yàkúbù sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun, ó ní Ọlọ́hun ni òun ń ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ òun fún (Súrà Yúsúfù, 86). Ẹni tó bá ń sọ fún aláìsàn pé ẹkún ti ba sùúrù rẹ̀ jẹ́, kó lọ kà á.

Olùkọ́, Jọs
Ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò ni tèmi. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì bínú sí wọn ní orí 42. Ohun kan náà là ń ṣe: "Kí lẹ ṣe nílé yín?" "Ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn ọmọ yìí dáadáa?" Láyé àtijọ́, àbíkú ni wọ́n ń pe púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún fi abẹ kọ ọ́ lára. Àjogúnbá ni: bí bàbá bá jẹ́ AS (ẹni tó gbé S kan ṣoṣo), tí ìyá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá níbẹ̀. Wọ́n bi Jésù náà pé ta ló ṣẹ̀, afọ́jú yìí ni àbí àwọn òbí rẹ̀, ó ní kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn.

Ẹ gbé fíláàsì omi gbígbóná dání, àti ìbora, àti ìbọ̀sẹ̀. Rọ́bà omi gbígbóná ṣeé gbé lé ibi tó ń ro, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ wé e. Yìnyín ò ṣeé gbé lé e, òtútù ló kúkú dá ìjà sílẹ̀. Àdúrà ìṣẹ́jú kan ti tó, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má tì í lórí. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì kó ìtumọ̀ ìyà lọ bá a lórí ibùsùn. "Ọlọ́run ń kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́" kì í wọ etí ẹni tó ń yí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ni ìtumọ̀ ń dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń rí i, lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí 2 Kọ́ríńtì 1:4 tọ́ka sí: ìtùnú tí a gbà la fi ń tu ẹlòmíràn nínú. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń pàdé ní kílíníkì ṣe ń pe ara wọn lóru, tí wọ́n ń dáwó oògùn fún ara wọn. Wọ́n mọ ohun tí kò yẹ kéèyàn sọ.

Nọ́ọ̀sì Gwagwaládà
Olùkọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Àwọn àmì kan wà tí kò gba kí a ṣì máa gbàdúrà nílé: ibà tó tó 38°C, àyà dídùn tàbí èémí tó ń já, apá kan ara tó rọ tàbí ẹnu tó wọ́, ikùn ọmọdé tó wú lápá òsì tí ojú rẹ̀ sì funfun, nǹkan ọmọkùnrin tó le tí kò rọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Ojú máa ń ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti sọ èyí tó kẹ́yìn yìí fún pásítọ̀ tàbí ìyá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti parí àdúrà. Kí ẹ sì kọ èyí sínú bébà kékeré, ẹ fi sí ẹ̀yìn kéèsì fóònù aláìsàn náà: SS, oògùn tó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, nọ́mbà kílíníkì. Ẹni tó máa gbé e lọ lóru lè jẹ́ aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.