Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi tó ń gbóná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Àbọ̀ rèé lórí kọ̀ǹpútà tí mo bi yín léèrè nípa rẹ̀, tó máa ń gbóná bí ààrò, tó ń kú fúnra rẹ̀ bí mo bá ti ń ta géèmù.

Fáànù ẹ̀yìn ló fa gbogbo wàhálà. Ẹni tó to kọ̀ǹpútà náà ló dè é sódì: òun náà ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bíi tiwájú, ooru ò wá ríbi gbà jáde. Ẹ yẹ fáànù yín wò dáadáa. Ojú tí ọ̀pá ike ti di àárín rẹ̀ mú, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

Mo yí i padà, mo wá fi fáànù 140 mm méjì síwájú. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ díẹ̀, torí náà asẹ́ iwájú ló ń gba eruku, kì í ṣe gbogbo ihò. GPU, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, kúrò ní 84°C, ó bọ́ sí 71°C.

Ẹni tó ní kí n yọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́, ó tutù lóòótọ́, àmọ́ eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ọmọ tó ń rá kiri nílé ńkọ́?

Ó ṣì ń pariwo díẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Mo ti ìbéèrè yìí o. Ẹ ṣeun gan-an.