Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n gba kámẹ́rà mi nídìí ilé àtijọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù yìí, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya àwọn pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tí wọ́n kọ́ bíi tàwọn Àgùdà tó ti Brazil dé: fèrèsé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí létí, òpó níwájú òde, ilẹ̀kùn onígi alápá méjì, pásééjì tó gba àárín ilé já sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ń ya àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ kùn sára ògiri náà, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja kọ sára ọkọ̀ wọn létí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi. Owó ọ̀kadà, owó dátà, àpò mi ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ilé kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ni oòrùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ta sí i. Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, òjìji á kúrò lára iṣẹ́ ọnà ògiri, gbogbo ẹ̀ á sì tẹ́jú pẹrẹsẹ nínú fọ́tò. Mo ti ya díẹ̀ nígbà tí bàbá kan jáde, tó ń pariwo. Àwọn ọmọkùnrin kan pè mí ní olè. Èmi! Ọ̀kan tì mí léjìká. Wọ́n pa gbogbo àwòrán rẹ́ lójú mi, wọ́n ju mẹ́mọ́rì padà fún mi, wọ́n gbé kámẹ́rà wọlé. Ojú títì ni mo dúró sí o, n kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Ọlọ́pàá ni. Lọ fẹjọ́ sùn lónìí. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun olóhun.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fara balẹ̀. Ọmọ mi, ṣé o kí wọn kí o tó gbé kámẹ́rà síta? Ilé bàbá ẹnìkan nìyẹn, kì í ṣe ọjà. Láyé ìsinsìnyí, àwọn tó fẹ́ ta ilé onílé máa ń kọ́kọ́ wá ya fọ́tò ẹ̀ lọ fi han oníbàárà. Bí wọ́n ṣe ta ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìkòròdú nìyẹn, a kàn rí katakata níwájú ilé ni.

Olùbéèrè: Mà, mo kí wọn. Bàbá yẹn ò dáhùn. Kò sì sí ìdí kan tí wọ́n á fi máa ti obìnrin kiri lójú títì.

Fọ́tò Ìkòròdú: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Àwòrán ni ká kọ́kọ́ gbà là. Má ya ohunkóhun sórí mẹ́mọ́rì yẹn mọ́, má sì fọ́máàtì ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ títí òmíràn á fi gba àyè ẹ̀. Wá PhotoRec, ètò tó ń wá àwòrán tí wọ́n pa rẹ́ jáde, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o tọ́jú ohun tó bá gbé jáde sí o, kì í ṣe orí mẹ́mọ́rì kan náà. Ọmọ kékeré kan fi kámẹ́rà mi ṣeré níbi ìgbéyàwó kan, ó pa gbogbo àwòrán ìyàwó rẹ́. PhotoRec ló gbà mí lọ́jọ́ náà.

Àǹtí Àgbádárìgì: Lọ́dọ̀ tiwa, pẹtẹ́ẹ̀sì tí ìjọ CMS kọ́ parí ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, o lè sanwó kí o wọlé, kí wọ́n mú ọ yí ká. Ilé ẹbí ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ilé lo máa kọ́kọ́ lọ bá.

Alhaji Pópó: Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ilé la fẹ́ pàdánù! Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ ní Tinubu Square l'Ékòó, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní Sẹ́tẹ́ńbà 2016. Fọ́tò ló kù. Ọmọ yìí ń ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe. Àwa èèyàn Kòsọ́kọ́, ọba tí àwọn Òyìnbó lé kúrò l'Ékòó, tó dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ogun 1851, àwa la kọ́ àwọn ilé yẹn.

Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ Pọ́ńbélé: Alhaji, ẹ má bẹ̀rẹ̀. A ti wà níbí kí Kòsọ́kọ́ tó dé. Ní 1862 ó ti padà s'Ékòó. Owó àwọn oníṣòwò ìlú yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀ pẹtẹ́ẹ̀sì yẹn lẹ́yìn ìgbà náà.

Alhaji Pópó: Òun padà, ṣé gbogbo wa la bá a lọ? Ta ló ń ṣe Kayó-kayó, ọdún tí a fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé Ẹ̀pẹ́, lọ́dọọdún?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ja ìyẹn níbòmíràn. Ẹnìkan ń wá kámẹ́rà.

Lọ́yà Àdúgbò: Olùbéèrè, ta ni bàbá yẹn? Kí ló ń sọ nígbà tó ń pariwo? Ìdáhùn rẹ ò tíì kan ibẹ̀.

Olùbéèrè: Ó ní, "Ṣé ìwọ lo tún dé?" Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, sà. Ilé bàbá wọn ni. Wọ́n fẹ́ tà á fún ẹni tó máa wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò pe màmá mi sí ìpàdé kankan torí pé obìnrin ni. Mo gbé fọ́tò ilé náà sórí Facebook lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbí ò tíì fohùn ṣọ̀kan. Oníbàárà rí i, ó ní òun ò san kọ́bọ̀ mọ́ títí ẹbí á fi yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni mo kọ, n kò ní yọ ọ́.

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Háà! Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ni mo ní kí o lọ mú ọlọ́pàá bá? Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látàárọ̀?

Lọ́yà Àdúgbò: Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ṣé bàbá àgbà ṣe ìwé ìhágún? Tí kò bá ṣe é, ilé ẹbí ni. Olórí ẹbí ò lè dá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Tó bá dá tà á, ẹni tí wọn ò bá sọ ọ́ lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e, ṣùgbọ́n kó má fi falẹ̀. Ti pé màmá rẹ jẹ́ obìnrin, láti 1924, nínú ẹjọ́ Lopez l'Ékòó, ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé ẹ̀tọ́ kan náà ni ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní nínú ilé ẹbí.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lú òfin náà, kí ó lọ kúnlẹ̀. Àgbà ni.

Àǹtí Àgbádárìgì: Kúnlẹ̀ nítorí kí ni? Màmá ẹ̀ ló yẹ kó lọ jókòó nípàdé. Ọmọ ò lè bá wọn pa ẹjọ́ ilé.

Olùbéèrè: N kò lè kúnlẹ̀ fún ẹni tó dúró wò títí wọ́n fi pè mí lólè. Màmá mi ní òun á lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì. Ìwé ìhágún ò sí. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ló ń gbé inú ilé, tiwọn ni àwọn ọmọkùnrin tó tì mí. Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ ṣeun, PhotoRec ti ń gbé àwòrán jáde.

Lọ́yà Àdúgbò: Ṣé àwọn yẹn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ta ilé lórí wọn?

Olùbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn àǹtí ibẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé èmi àti màmá mi là ń ya fọ́tò lọ fún oníbàárà.

Lọ́yà Àdúgbò: Kí màmá rẹ má dúró de Jímọ̀. Kó lọ bá wọn lálẹ́ òní, kó mú ohun tí o kọ sórí Facebook dání fún wọn kà. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ gbogbo ọmọ bàbá àgbà, àwọn tó wà láyé àtàwọn tó ti kú tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.