Kíkó Àwọn Ọmọ Kéékèèké Lọ sí Papua New Guinea: Ìdáhùn fún Ìdílé Awakọ̀ Òfuurufú Kan ní Àkúrẹ́

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àkúrẹ́

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Awakọ̀ òfuurufú ni ọkọ mi, ó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Zaria, ẹgbẹ́ míṣọ́n kan sì ti gbà á láti máa wa bàlúù kékeré ní agbègbè olókè Papua New Guinea, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Ọsirélíà, níbi tí yóò ti máa gbé aláìsàn, olùkọ́, oògùn àti Bíbélì lọ sí àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 7, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù 8. Ẹgbẹ́ náà ti fún wa ní ìwé gígùn nípa ẹrù àti owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ni kí n kọ́kọ́ mú ṣe? Báwo ni kí a sì ṣe ṣe é pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tí ó ń bá wa gbé, tí àbíkẹ́yìn kì í sùn àfi lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí ó bá ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Aya awakọ̀ òfuurufú, ọmọ Oǹdó, Mount Hagen

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, àbúrò mi. Olúwa yóò ṣáájú yín. Iṣẹ́ kan náà ni ọkọ mi ń ṣe níbí ní Mount Hagen, ìlú kan ní agbègbè olókè náà, àwọn ọmọ wa sì kéré nígbà tí a kó wọn wá láti Oǹdó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìpalẹ̀mọ́ àwọn ọmọ ṣáájú ti ẹrù. Ẹrù ṣe é rà níbi tí ẹ bá dé, ẹgbẹ́ míṣọ́n sì lè ní sùúrù bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bàbá wọn bá pẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ọmọ, abẹ́rẹ́ ọmọ àti ìdágbére ọmọ ní àsìkò tiwọn tí a kò lè fi owó lé kíákíá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí ìbí tirẹ̀, nítorí pé ìwé ilé ìwòsàn tàbí ti ìsàmì kò tó fún páásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, kí páásípọ́ọ̀tù tó tẹ̀lé e. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá àgbà, ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jọ ń sọ ọmọ lórúkọ, tí ọ̀kan yóò wà nínú káàdì ilé ìwòsàn, tí òmíràn yóò wà ní ilé-ìwé, tí ẹ̀kẹta yóò sì wà lẹ́nu gbogbo ará ilé. Ẹ yan èyí tí ìjọba yóò mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bákan náà, kí ó tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà, láti orí ìwé ìbí títí dé orí físà. Páásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í lò ju ọdún 5 lọ. Nítorí náà, bí ti àkọ́bí yín bá ti súnmọ́ òpin, Àkúrẹ́ ni kí ẹ ti tún un ṣe, nítorí pé kò rọrùn rárá láti ṣe é láti orí òkè tí a wà yìí. Bí ẹ bá máa gba Ọsirélíà kọjá, gbogbo ẹni tí ó bá di páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mú ni yóò nílò físà ìkọjá, títí kan ọmọ ọwọ́, ìbáà ṣe pé ẹ kò ní kúrò nínú pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti ẹrù, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mount Hagen ga tó nǹkan bí mítà 1,677, òtútù sì máa ń mú lálẹ́, nítorí náà ẹ ra súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Iná ibí kò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà lágbára, ṣùgbọ́n irú pọ́lọ́ọ̀gì tí wọ́n ń lò ní Ọsirélíà ni wọ́n ń lò. Ẹ má di ẹ̀gúsí, èso ewédú, ẹja gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ sínú báàgì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọsirélíà àti Papua New Guinea le púpọ̀ lórí irúgbìn àti ẹran, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo tí ẹ bá gbé sórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún yín. Ọkàn yín kò ní dàrú nípa oúnjẹ: ọ̀dùnkún ni olórí oúnjẹ àwọn ará òkè yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè wà, kókò wà. Iyán ojoojúmọ́ ni yóò ṣòro, nítorí pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣu ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dùnkún máa wọ inú oúnjẹ àwọn ọmọ láti ìsinsìnyí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́ ni iṣẹ́ bàbá wọn. Kò sí títì láti Port Moresby tí í ṣe olú-ìlú dé ibí, ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè kò sì ní ọ̀nà mọ́tò rárá, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí MAF (Mission Aviation Fellowship), ẹgbẹ́ Kristẹni tí ń fi bàlúù ṣiṣẹ́ míṣọ́n, fi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1951. Púpọ̀ nínú pápá tí wọ́n ń balẹ̀ sí jẹ́ orí koríko lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bàlúù á kọjú sókè láti balẹ̀, kí òkè náà lè bá a dín eré kù, á sì kọjú sí ìsàlẹ̀ láti gbéra. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè ní Sátidé kan, kí wọ́n sáré gun ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́, kí wọ́n sì sáré sọ̀kalẹ̀, kí bàbá wọn wá fi ẹsẹ̀ wọn gan-an ṣàlàyé. Ẹ kó wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n gbọ́ bí bàlúù ṣe ń dún nítòsí.

Bàbá wọn yóò máa jáde ní ìdájí, nítorí pé ìkùukùu máa ń gbára jọ sí àárín àwọn òkè lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ mìíràn, ìkùukùu yóò ti dí ọ̀nà kí ó tó parí iṣẹ́, yóò sì sun abúlé tí ó wà. Ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí ṣáájú yóò rò pé ibi ti ṣẹlẹ̀. Láti Àkúrẹ́ ni kí ẹ ti máa sọ fún wọn pé awakọ̀ tí ó yí padà lójú ọ̀nà, tàbí tí ó sùn sí ibi tí ó dé nítorí ojú ọjọ́, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ má sọ fún àkọ́bí yín pé bàlúù kì í já. Yóò gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ni kí ẹ sọ: ó ń yẹ bàlúù wò yípo kí ó tó gbéra, ó ń wọn ẹrù àti èrò pàápàá, nítorí pé pápá kúkúrú kò gba ìwúwo tó lé, ó sì ń sọ ibi tí ó dé lórí rédíò fún àwọn tí ń tọpa ìrìn rẹ̀. Nílé wa, a lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn ọmọ sì máa ń fi ìka wá abúlé tí bàbá wọn lọ lọ́jọ́ náà. Èyí ti mú ìbẹ̀rù wọn rọlẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo sọ lọ.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Àkúrẹ́, London

Mo kí yín gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlera kún un, nítorí pé ó ní ọjọ́ nínú. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí yellow card wà fún, a kì í fún ọmọ kí ó tó pé oṣù 9, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í sì ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gbà á ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Nítorí náà, kí àbíkẹ́yìn gba tirẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èéyi lọ́jọ́ kan náà tí ó bá pé oṣù 9, kí ẹ sì fi ọjọ́ ìrìnàjò sí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ ní Papua New Guinea, àrùn rọpárọsẹ̀ sì tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2018, nítorí náà ẹ wo káàdì wọn bóyá BCG, abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti gbogbo oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ pé.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò. Èkínní ni genotype. Bí ọmọ kan bá jẹ́ SS, kí dókítà gbọ́ nípa gíga ìlú náà àti nípa bàlúù kékeré tí a kò fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ lè dá ìrora sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni G6PD, èròjà kan nínú ara tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Oríṣi ibà kan tí ń jẹ́ vivax wọ́pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀, oògùn primaquine ni wọ́n sì fi ń lé e kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í gba ibà yẹn láyè bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dókítà tí kò mọ̀ yín lè kọ oògùn náà fún ọmọ yín, ó sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní G6PD tó jẹ́. Àìpé G6PD kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá lára àwọn ọmọkùnrin. Ẹ tẹ èsì náà síwèé, kí ó wà pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í kà sí. Ibà kò wọ́pọ̀ lórí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbára tí ara àwọn ọmọ ti ní láti bá ibà jà yóò máa dín kù. Bí ẹ bá padà wá kí ilé ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀fọn kan náà tí wọ́n bá dàgbà lè dá wọn gúnlẹ̀. Ẹ lo oògùn adènà ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn fún wọn bí àlejò.

Bàbá kan, olùkọ́, Brisbane

Ẹ gba èsì ìdánwò àti lẹ́tà láti ilé-ìwé àkọ́bí pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ilé-ìwé àgbáyé wà ní Ukarumpa fún ọmọ àwọn míṣọ́nnárì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Mount Hagen, nítorí náà ẹ bi ẹgbẹ́ yín bóyá ilé ni ẹ ó ti máa kọ́ ọmọ. Ẹ máa sọ Yorùbá fún wọn nínú ilé láìbojúwẹ̀yìn. Wọ́n á gbọ́ Tok Pisin, èdè tí tẹrú tọmọ ń sọ níbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn láìpẹ́.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ìyá wa wá ńkọ́?

Aya awakọ̀ òfuurufú, ọmọ Oǹdó, Mount Hagen

Ẹ má jẹ́ kí ìyá gbọ́ ọjọ́ ìrìnàjò lẹ́nu ará ìta, ẹ má sì jáde nígbà tí ó bá sùn. Kí ọkọ yín jókòó tì í, kí ó sọ fún un fúnra rẹ̀, kí ó sì gba àdúrà rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá sọ fún un ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí pọn àbíkẹ́yìn sùn ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ìyá pọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kejì, títí ọmọ náà yóò fi mọ ẹ̀yìn méjèèjì. Kí ìyá má fi iṣẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé òun náà ń kọ́ bí a ti ń dá wà.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ki oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan nínú ilé kọ́ ọ bí a ti ń gba ìpè fídíò tí a fi ń rí ojú ara ẹni, kí ó sì dán an wò pẹ̀lú yín láti yàrá kejì kí ẹ tó lọ. Wákàtí 9 ni ibí fi ṣáájú Nàìjíríà, nítorí náà aago 6 ìrọ̀lẹ́ wa ni aago 9 àárọ̀ ní Àkúrẹ́, ó sì bá àkókò tí àwọn ọmọ bá jẹun alẹ́ tán mu. Ẹ fi sí Sátidé, nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá yóò wà ní aago 9.