Àṣíborí oníná fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀: ṣé kí n rà á?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Alẹ́ ni mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àárín ọkọ̀ sì ni. Mo ti so bẹ́líìtì tó ń dán bí iná mọ́tò bá bà á mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, awakọ̀ á tètè mọ̀ pé èèyàn ló wà níwájú. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yòò tí gbogbo ayé ń rà yẹn, ọ̀sán nìkan ló wúlò. Àṣíborí tó ń ṣẹ́ná sọ́tùn-ún sósì ló wá ń wù mí báyìí. Ṣé awakọ̀ máa ń rí iná kékeré yẹn lóòótọ́, àbí kí n kúkú máa na ọwọ́? Bátìrì rẹ̀ ńkọ́, tí òjò bá pa á?